Ọkọ̀ Wave Knight Kò Gbó, Atukọ̀ Ni Wọn Kò Tọ́jú

Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. N kò ní fa ìkíni gùn, nítorí inú ló bí mi tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Nínú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí ẹ ti máa ń kó ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè jọ, ẹ kọ ìlà mẹ́rin péré nípa àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè ṣọ́wó ná, ẹ sì pe Wave Knight àti èkejì rẹ̀, Wave Ruler, ní “ògbólógbòó ọkọ̀ agbépo méjì”. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham ní London níbí ni mo ti ń kà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí yọjú wo ohun tí mo ń kà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ṣé nítorí ọkọ̀ epo lẹ ṣe fajú ro báyìí?” N kò dá a lóhùn, nítorí abẹ wà lórí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni mo wá ń dá lóhùn, torí pé ọ̀dọ̀ yín ló ti kà á pé ọkọ̀ náà ti gbó.

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ agbépo ti oníṣòwò kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ọkọ̀ tó gbó bí mo bá rí i. Wave Knight kò gbó. Ènìyàn ni kò sí láti wà á, ènìyàn kò sì sí nítorí pé àwọn tó yẹ kó tọ́jú atukọ̀ kò tọ́jú wọn. Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn, bí mo bá sì tún un sọ kí lẹ́tà yìí tó tán, kí ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ orí rẹ̀. Barrow-in-Furness ni wọ́n ti kan Wave Knight. Wọ́n tì í sómi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ó sì wọ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2003. Wave Ruler, tí wọ́n kàn ní Govan ní ìlú Glasgow, wọ iṣẹ́ ní oṣù kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni mínísítà ètò ààbò dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó kéde pé àwọn méjèèjì yóò lọ. Ọdún 21 nìyẹn, kódà, ó ti tó ọdún méjì ṣáájú ìkéde náà tí Wave Knight ti wà ní síso mọ́ èbúté láìṣe nǹkan kan. Olwen, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kan ọkọ̀ méjèèjì yìí láti rọ́pò, wọ iṣẹ́ ní ọdún 1965, ó di 2000 kí wọ́n tó yọ ọ́. Gold Rover, ọkọ̀ agbépo mìíràn, wọ iṣẹ́ ní 1974, ó sì ń gbé epo kiri títí di 2017, ọdún 43 gbáko. Bí ẹnì kan bá pe ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní arúgbó ní ojúde ìlú wa, ẹ mọ̀ pé wọn yóò béèrè ohun tó mu.

Mo tún ní láti sọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹ fara dà á. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ Wärtsilä ṣe ló wà nínú Wave Knight, ṣùgbọ́n wọn kì í yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ náà tààrà. Iná mànàmáná ni wọ́n ń pèsè, mọ́tò iná méjì yóò sì gba iná náà láti yí ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Ẹni tó bá ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tó ti lagùn lójú agbami nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn dákẹ́, mọ oore tó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀: bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, mẹ́ta yòókù yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹ ṣe ń tún un ṣe. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ń fún un ní ohun tó ń jẹ, tí ẹ sì ń pààrọ̀ ohun tó yẹ ní àsìkò tó yẹ, kò sí ìdí tí kò fi ní ṣe ogún ọdún mìíràn.

Ní ti ẹrù rẹ̀, epo tó ń gbé tó 16,000 kúbíìkì mítà, ìyẹn mílíọ̀nù lítà mẹ́rìndínlógún, 3,000 nínú rẹ̀ sì jẹ́ epo bàálù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí tánkà tó ń gba lítà 33,000 ní ọ̀nà Àpápá, ẹ kó irú tánkà bẹ́ẹ̀ tó lé ní 480 jọ sínú ọkọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ ju mítà 196 lọ, kí ẹ tó rí ohun tí mo ń wí. Ẹ fi omi mímu àti àpótí ẹrù tútù mẹ́jọ kún un. Kò sì sí ẹni tó ń wá ra epo náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń gbé e lọ bá wọn. Ọkọ̀ ogun kò ní í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wá sí èbúté nítorí epo. Ọkọ̀ agbépo yóò lọ bá a láàárín òkun, àwọn méjèèjì yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò kọjú síbì kan náà, eré kan náà, àlàfo àárín wọn kò sì ní ju nǹkan bí ogójì mítà lọ. Wọn yóò ta okùn sí ara wọn, wọn yóò na wáyà, rọ́bà ńlá tí epo ń gbà yóò tẹ̀ lé wáyà náà kọjá lókè omi. Omi tó há sáàárín ọkọ̀ méjì tó ń sáré a máa fà wọ́n mọ́ra, nítorí náà ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú kò gbọdọ̀ fi ojú kúrò bí ìṣẹ́jú kan. Wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n ń ṣe é, nígbà mìíràn lóru, tí ìgbì ń bẹ́ gìjà-gìjà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ológun. Atukọ̀ bí èmi ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò wọṣẹ́ ogun, nínú ẹgbẹ́ ọkọ̀ aṣèrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Royal Fleet Auxiliary, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn lè rò pé epo lásán ni wọ́n ń gbé. Kí ó lọ béèrè nípa Darkdale, ọkọ̀ agbépo ti ẹgbẹ́ yìí kan náà, tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì ní èbúté St Helena ní oṣù kẹwàá ọdún 1941, tí ènìyàn 41 sì bá a lọ. Kí ó béèrè nípa Tidespring, ọkọ̀ agbépo wọn mìíràn, tó kó àwọn ọmọ ogun Ajẹntínà tí wọ́n mú ní South Georgia lọ sí erékùṣù Ascension nígbà ogun Falklands lọ́dún 1982.

Wave Knight fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Caribbean ni òun àti èkejì rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ àsìkò, tí wọ́n ń bá àwọn Amẹ́ríkà ṣọ́ àwọn tó ń kó kokéènì gba ojú omi, tí wọ́n sì ń dúró de ìjì líle. Nígbà tí ìjì Ike wó ilé mọ́lẹ̀ ní Grand Turk ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Wave Ruler wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Iron Duke láti ran àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, nígbà tí àwọn ajalèlókun Somalia kọ lu ọkọ̀ epo Norway kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Front Ardenne, Wave Knight wà nínú àwọn tó lé wọn, òun àti ọkọ̀ ogun Kánádà, títí ọwọ́ fi tẹ àwọn méje. Wọ́n gba ohun ìjà wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ, nítorí wọ́n ní kò sí òfin tí wọ́n lè fi dá wọn lẹ́jọ́. Ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n ti oṣù kẹwàá ọdún yẹn gan-an ló ń dùn mí títí dòní. Àwọn ajalèlókun jí tọkọtaya ará Kent kan gbé nínú ọkọ̀ kékeré wọn, Lynn Rival, lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Seychelles. Wave Knight ló rí wọn. Ó dé ibẹ̀ nígbà tí àwọn olè náà ń kó tọkọtaya yìí bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrù Kota Wajar tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn atukọ̀ bíi 75 àti ológun ojú omi 25 ló wà nínú Wave Knight, ìbọn sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè yìn ín kí ọta má ba àwọn tí wọ́n jí gbé. Kí ni àwọn tó wà ní ọ́fíìsì wá ṣe? Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé òfìfo ni wọ́n bá ọkọ̀ kékeré náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì tí òtítọ́ jáde, orí àwọn atukọ̀ ni èébú dà lé. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ojo. Ọjọ́ 388 ni tọkọtaya náà lò nígbèkùn kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2010. N kò gbọ́ kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan jáde láti sọ pé, “Àwa la fi ọ̀rọ̀ pamọ́, ẹ má bú àwọn atukọ̀.” Bí nǹkan bá bàjẹ́, ti atukọ̀ ni, bó bá dára, àwọn olóyè á ya fọ́tò.

Ẹ̀yin ará, irú ìwà yìí ni ó lé ènìyàn kúrò nínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ Royal Fleet Auxiliary yanṣẹ́ lódì. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ní láti ọdún 2010, ohun tí owó oṣù wọn lè rà ti fi ohun tó lé ní ìdá 30 nínú 100 dín kù. Àwọn tó mọṣẹ́ ti bọ́ sọ́dọ̀ oníṣòwò tó ń sanwó. Fort Victoria, tó ń gbé oúnjẹ àti ohun ìjà lọ bá ọkọ̀ ogun, náà ti jókòó sí èbúté nítorí àìsí ènìyàn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn aláṣẹ wá ń ṣàlàyé, ìṣirò owó ni wọ́n kó síwájú: gbogbo ohun tí wọ́n yọ lọ́jọ́ náà lápapọ̀ yóò dín ìnáwó kù ní mílíọ̀nù 150 pọ́n-ùn láàárín ọdún méjì. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó títí ó fi dà bí ohun tí kò wúlò, wọ́n sì wá sọ pé ohun tí kò wúlò ni àwọn ń yọ kúrò. Mo tún un wí: ọkọ̀ kò gbó, atukọ̀ ni wọn kò tọ́jú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, wọ́n bí i síbí, ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ló ní, iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́. Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan tó ń pariwo pé òun kò rí ènìyàn gbà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ní kó máa retí. Nígbà tí wọ́n pè é, ó ti wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní Barcelona, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fún àwọn tó ń jẹ fàájì. Nílé wa lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ atukọ̀ ní Oron ń wá ọkọ̀ tí wọn yóò fi pé àkókò orí omi tí òfin béèrè kí wọ́n tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ wà nílé, kò rí ọkọ̀. Ọkọ̀ wà níbí, kò rí ọmọ.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n fi owó oṣù tó ń lọ ní ọjà àwọn oníṣòwò san án. Kí wọ́n dín oṣù tí atukọ̀ ń lò lórí omi kù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé kí wọ́n má ta Wave Knight. Kí wọ́n sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́. Yàrá ibùsùn wà nínú rẹ̀ fún ènìyàn bí ọgọ́rin, ilé ìdáná wà, ẹ̀rọ afapo wà, wáyà àti rọ́bà ìfúnnilépo wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n so ó mọ́ èbúté kan tó sún mọ́ ìlú ńlá, kí wọ́n fi atukọ̀ àgbà ogún tó ti fẹ̀yìn tì sínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ọgọ́ta ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún sí mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀kan. Oṣù mẹ́ta ní èbúté, kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀ kí wọ́n sì tún un tò nígbà tí mẹ́ta yòókù ń ṣiṣẹ́; lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́ta lórí omi, kí wọ́n na wáyà sí ọkọ̀ mìíràn kí ọwọ́ wọn sì bó. Bí ìjì bá jà ní Caribbean, ọkọ̀ náà ṣì lè gbéra pẹ̀lú omi àti oúnjẹ. Àwọn ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ ni wọn yóò wa àwọn ọkọ̀ agbépo tuntun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Tide, tí wọ́n lọ kàn ní Kòríà, tí àwọn náà yóò nílò atukọ̀ bó pẹ́ bó yá. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí yìí, màá yọ̀ǹda ara mi láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí ìtọ́ka tó fi àìsàn hàn.

Ní tiyín, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe síbi tí ẹ kọ ìlà mẹ́rin yẹn sí. Ẹ kọ ọ́ pé ọdún 21 ni Wave Knight lò, pé ẹ́ńjìnnì mẹ́rin rẹ̀ kọ́ ló mú kí wọ́n yọ ọ́, àìsí atukọ̀ ni. Bí ẹ bá kọ ọ́, màá gbé ìwé ìròyìn náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹlẹ́ńjìnnì Tó Fẹ̀yìn Tì,
Peckham, London.