Lẹ́tà sí Olóòtú: Ọdún Tó Wà Lára Ìgò Wísíkì Kì í Ṣe Máàkì Ìdánwò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní ojú ewé àríyá, bí wọ́n bá ti dárúkọ wísíkì, nǹkan méjì là ń bá pàdé: iye owó ìgò, àti iye ọdún tí wọ́n kọ sí i lára. Ó ti wá di pé ẹni tó gbé ọlọ́dún 18 ka orí tábìlì ti borí ẹni tó gbé ọlọ́dún 12 wá, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìdérí rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ àti èyí tí kò sọ, kí n sì fi kún un bí ẹni tó ń mu díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ ṣe lè fi ẹnu ara rẹ̀ mọ èyí tó bá a lára mu.

Iye ọdún tí ọtí lò nínú àgbá ni nọ́ńbà yẹn. Bí wọ́n bá po ọtí láti inú ọ̀pọ̀ àgbá, ọjọ́ orí èyí tó kéré jù nínú wọn ni òfin ní kí wọ́n kọ. Nínú Johnnie Walker Black Label, èyí tó ti lo ju ọdún 12 lọ lè wà níbẹ̀; èyí tí kò tó ọdún 12 ni kò gbọdọ̀ sí. Bí ọtí bá sì ti wọ inú ìgò, ó ti dàgbà tán nìyẹn. Ọlọ́dún 12 tí Bàbá tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti 1995, ọlọ́dún 12 náà ló jẹ́ títí di òní. Igi ló ń tọ́ wísíkì, gíláàsì kì í tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ igi yìí gan-an ló sọ ìfigagbága ọdún di asán. Ní Scotland tí òtútù ti mú, nǹkan bí 2% ọtí inú àgbá ló ń di atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún. Ní Bengaluru ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wísíkì Amrut, ooru ń mú kí ó fẹ́ lọ jùyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ooru náà ló sì ń mú kí ọtí tètè fa adùn igi. Ọdún mélòó kan níbẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ọdún mẹ́wàá ń ṣe ní Scotland. Ti bourbon, wísíkì àwọn ará Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní àgbá tuntun tí wọ́n fi iná jó inú rẹ̀ ni kí wọ́n lò, nítorí náà láàárín ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ó ti máa ń ní fánílà àti ṣúgà jíjó tó pọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù nínú irú àgbá bẹ́ẹ̀, igi á gba ẹnu rẹ̀, á máa korò, á sì máa gbẹ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àgbá tí Scotland ń lò ni bourbon ti kọ́kọ́ lò, agbára igi wọn sì ti dínkù. Ìdí nìyẹn tí ọdún 12 kò fi pọ̀ jù fún wọn.

Ẹni tó mọ ẹmu kì í gbé ògùrọ̀ wá kó ní òun fẹ́ fi díwọ̀n ẹmu ọ̀pẹ. Ẹ mọ ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ fi wéra kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ti Scotland gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá igi oak ní Scotland, kí líle rẹ̀ má sì dín ní 40% nígbà tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò. Single malt ni èyí tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan ṣe, báálì tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù kí wọ́n tó sá a, tó sì ti ilé ìpọntí kan ṣoṣo jáde. Àwọn kan rò pé “single” túmọ̀ sí àgbá kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Blended ni àdàlù irú malt bẹ́ẹ̀ àti ọtí ọkà mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ. Àwọn ará Ireland náà ní ọdún 3, ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi Jameson àti Bushmills, sì máa ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta, ló fi ń lọ wọ́ọ́rọ́ lọ́nà ọ̀fun. Bourbon gbọ́dọ̀ ní 51% àgbàdo, ó kéré tán. Ibikíbi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lè ṣe é, kì í ṣe Kentucky nìkan.

Jack Daniel's ti Tennessee, inú èédú igi maple ni wọ́n ń sẹ́ ẹ gbà kó tó wọ àgbá. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí àwọn ènìyàn wa kì í sábà gbọ́ ọ: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Nathan “Nearest” Green, tó wà lóko ẹrú nígbà náà, ló kọ́ Jack Daniel ní iṣẹ́ ọtí sísè. Jack Daniel's Tennessee Honey, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, 35% péré ni. Oyin àti adùn mìíràn wà nínú rẹ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n gbé e ka àárín wísíkì kí wọ́n ní òun ló dùn jù.

Èéfín ńkọ́? Ní erékùṣù Islay ní Scotland, níbi tí Laphroaig, Lagavulin àti Ardbeg ti ń wá, píìtì ni wọ́n ń fi dáná sá báálì, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà tí koríko jíjẹrà kún inú rẹ̀, tí wọ́n gé tí wọ́n sì sá gbẹ. Èéfín rẹ̀ ń wọnú ọkà, ó sì ń bá a dé inú ìgò. Ẹ má fi irú èyí bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò tíì mọ wísíkì, tó bá kọ́kọ́ kan Laphroaig, á ní wọ́n fún òun ní Izal mu.

Ìfiwéra tó wúlò ni èyí tí ohun kan ṣoṣo ti yàtọ̀ láàárín méjì. Ẹ fi Johnnie Walker Black ti Double Black, èéfín ni ẹ máa kọ́. Ẹ fi Jameson ti blended Scotland kan, ẹ máa rí bí ọ̀kan ṣe fúyẹ́ sí èkejì. Ẹ fi Jim Beam ti Maker's Mark: bourbon ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ráì, irú ọkà kan, ló tẹ̀lé àgbàdo nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé àlìkámà ni Maker's Mark lò dípò ráì. Ráì ń ta lẹ́nu bí ata díẹ̀, àlìkámà rọ̀. Glenfiddich 12 àti Glenlivet 12 jọra púpọ̀, agbègbè Speyside kan náà ni wọ́n ti wá, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà tí ẹnu bá ti mú.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é. Mẹ́ta tó fún ìjókòó kan, mẹ́rin ni kó pọ̀ jù. 20ml fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Mẹ́ta ní 20ml, bí wọ́n bá jẹ́ 40%, jẹ́ 24ml ògidì ọtí, yúníìtì 2.4 ni lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní kéèyàn má kọjá 14 lọ́sẹ̀. Ẹni tó máa wa mọ́tò kó tu tirẹ̀ dànù sínú ife kan. Ẹnu ti gbọ́ adùn rẹ̀ kó tó tu ú. Gíláàsì tó fẹ̀ nídìí tó sì há lẹ́nu ló dára jù. Bí kò bá sí, gíláàsì wáìnì kékeré náà ṣe é lò. Ife rọ́bà tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó kò dára, nítorí òórùn rọ́bà á bo ti ọtí mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni líle ọtí. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 40% tí èkejì jẹ́ 46%, èyí tó le jù máa ń dà bíi pé ó “kún” jù, ẹ ó sì máa yin ọtí líle lásán. Ẹ mú wọn dọ́gba ná. Ẹ ra sìríńjì 5ml ní ilé oògùn, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ dànù. Ẹ sọ iye ọtí di ìlọ́po pẹ̀lú nọ́ńbà líle rẹ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 40: iye tí ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn omi nìyẹn. Ardbeg 10 jẹ́ 46%: 20 lọ́nà 46 jẹ́ 920, bí a bá pín in sí ọ̀nà 40, ó di 23, omi 3ml ni ẹ máa fi kún un. Maker's Mark tó jẹ́ 45% gba 2.5ml. Wild Turkey 101, tó jẹ́ 50.5%, gba bíi 5ml. Omi tí kò tutù, tí kò sì ní òórùn kilorínì, ni kí ẹ lò.

Ẹ má ki imú bọ inú ife. Agbára ọtí á jó imú, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, kí ẹ la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbóòórùn. Ẹ má fi ìmu àkọ́kọ́ ṣèdájọ́, torí ẹnu ṣì ń bá líle rẹ̀ jà. Èkejì ni kí ẹ fi ètè àti ahọ́n yí ká, kí ẹ gbé e mì, kí ẹ sì dúró wo ohun tó ṣẹ́ kù lọ́fun. Bísíkíìtì tí kò ládùn àti omi ló ń fọ ẹnu mọ́. Kí èyí tó ní èéfín gbẹ̀yìn, láìsí àwíjàre, torí lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ohun tí ẹ máa gbọ́ mọ́ nínú àwọn tó kù.

Súyà àti ata pẹpẹsúùpù kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, ahọ́n tó ti ń ta kò mọ nǹkan kan. Yìnyín ń dín òórùn kù, ó sì ń yọ́, tí líle ọtí fi ń yí padà bí ẹ ṣe ń mu ún. Kò sí ohun tó burú nínú wísíkì pẹ̀lú yìnyín tàbí Kóòkì bí ó bá jẹ́ ìgbádùn ni ẹ wá ṣe. Ọjọ́ ìfiwéra ni mo ń sọ. Àwọ̀ náà ń tan ènìyàn jẹ: òfin Scotland gbà kí wọ́n fi àwọ̀ ṣúgà jíjó kún un, nítorí náà dúdú kò fi dandan túmọ̀ sí pípẹ́.

Nítorí àwọ̀ àti orúkọ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bu ọtí fún yín níbi tí ẹ kò ti rí i. Ife mẹ́ta: kí ọtí kan náà wà nínú méjì, kí òmíràn wà nínú ìkẹta, kí ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ wọn. Iṣẹ́ yín ni láti mú èyí tó yàtọ̀ jáde. Ẹni tó kàn ń ṣe orí-ló-mọ̀ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Kó tó gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ̀ẹ̀kan nínú 27 ni. Bí ẹ kò bá lè ya ọlọ́dún 12 àti ọlọ́dún 18 sọ́tọ̀ lọ́nà yìí, ẹ fi owó ìyókù ra ẹran.

Ayédèrú kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìgò òfìfo gidi ni wọ́n ń rà láti tún rọ nǹkan mìíràn sí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo bóyá òǹtẹ̀ ìdérí ti já, ẹ wo bóyá iye ọtí dọ́gba nínú ìgò méjì tó wà lórí pẹpẹ kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgò Johnnie Walker ní ike kékeré lẹ́nu tí kì í jẹ́ kí nǹkan padà wọlé. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ má rà á. Ẹnu kò lè mọ mẹtanọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró tó ń pani, iná kò sì lè fi hàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ní agbègbè Irele ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tó ní mẹtanọ́ọ̀lù gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn, ojú sì ṣókùnkùn fún àwọn kan kí wọ́n tó kú. Bí ojú bá ń ṣú, tí orí ń fọ́ ní wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ọtí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró pé ó máa lọ. Bí ẹ bá mu tán, ẹ fọ́ ìgò náà tàbí kí ẹ ya ìwé ara rẹ̀.

Ìgò tí ẹ ṣí, kó dúró lóòró, torí ọtí ń jẹ kọ́ọ̀kì ìdérí rẹ̀. Kó jìnnà sí oòrùn. Bí ó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta, afẹ́fẹ́ inú ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí adùn rẹ̀ padà. Ẹ mu ún tán láàárín oṣù mélòó kan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, Olóòtú. Bí ẹ bá ń gbé iye owó ọtí jáde, ẹ kọ bí ìgò ṣe tóbi tó àti líle ọtí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 70cl ni ìgò tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń jẹ́, 75cl sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rọ fún ọjà Amẹ́ríkà. Méjèèjì sì lè wà lórí àtẹ kan náà, kí ẹni tó ń rajà rò pé ó ti rí ẹ̀dínwó.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn