Ibo ni ẹni tó gbé aláìsàn wá sí Èkó máa sùn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkìrun ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí yín. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀kadà gbé àbúrò mi ọkùnrin ṣubú, eegun itan rẹ̀ sì kán. Wọ́n ní Èkó ni ká gbé e lọ. A gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Mainland, wọ́n gbà á wọlé, wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì. Èmi tí mo tẹ̀ lé e ni mi ò níbi tí mo máa sùn.

Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí lè rò pé kí n kàn padà sílé ni. Ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn ni yóò sáré ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ lóru. Òun ni yóò wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Òun ni yóò fọ aṣọ, tí yóò gbé ògì àti omi gbígbóná wá láàárọ̀. Dókítà lè pè é nígbàkígbà pé kó wá buwọ́ lùwé. Kò lè jìnnà.

Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọ mi bá mi wá yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Sùúrùlérè lórí fóònù. ₦25,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ tẹrùtẹrù, wọ́n ní owó jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìyẹn, owó orí kò sí nínú ẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀, tí wọn yóò dá padà tí mi ò bá ba nǹkan jẹ́. ₦36,500 ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù. Obìnrin ẹni ọdún 64 kò lè máa gbé báàgì kiri títì Èkó lásìkò yẹn, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tí mo sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní mo ti da nǹkan sí aṣọ ìnura, owó ìdúró kò padà mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nígbà kan, ará òkè kì í wá òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó. Ilé ìbátan ló máa wọ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi gbé Mushin fún ọdún 19, nítòsí Ojúwòyè, nínú ilé oníyàrá méjìlá tí gbogbo yàrá kọjú síra wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo mọ̀lẹ́bí wa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí: ẹni tó wá ṣe ìdánwò, ẹni tó wá ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó wá sìnkú. Wàá gbé iṣu àti gàrí dání, wọn á tẹ́ ẹní fún ọ, ẹ ó jọ jẹun. Onílé ti ta ilé náà báyìí, wọ́n ti wó o, fúláàtì ló wà níbẹ̀. Ìbàfò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ẹ̀gbọ́n mi wà, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Kara, kò fi wá sílẹ̀ títí dé Berger. Aago mẹ́jọ ti kọjá kí n tó dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Wọ́n ti wá mi títí pé kí n wá sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí mi.

Àwọn kan máa ń sọ pé ará Èkó ò fẹ́ràn àlejò mọ́. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi, òun sùn nílẹ̀. Owó ilé ló lé wọn jìnnà sí wa.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo tẹ́ ìró mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú ọgbà ilé ìwòsàn. A pọ̀ níbẹ̀. Ìyá kan wá láti Ṣakí, bàbá kan gbé ọmọ ọdún mẹ́rin wá láti Òkìtìpupa. Ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, òjò dé, gbogbo wa dìde, a fara ti ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́.

Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì ló wò mí láàárọ̀ tó ní, “Ìyá, ibo lẹ sùn tójú yín fi rí báyìí?” Mo sọ fún un. Ó júwe ilé àlejò ìjọ kan fún mi ní Yábàá. ₦8,000 lóru kan. Yàrá mọ́ tónítóní, fáànù wà, a jọ ń lo ilé ìwẹ̀ ni, wọ́n sì ń ti géètì ní aago mẹ́wàá. Iye owó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, iye yẹn náà ni mo san. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀. Ẹ ò lè rí i lórí fóònù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá jẹ́ pé Island ló ń lọ, bóyá ó wá tìtorí físà tàbí ọjà Balógun, kò yẹ kó wá yàrá sí Victoria Island rárá. Ọkọ̀ ojú irin láti Mile 2 sí Marina ti ń kó èrò láti oṣù kẹsàn-án 2023. Èyí tó ń ti Agbádó gba Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin àti Yábàá lọ sí Oyíngbò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Káàdì Cowry, ìyẹn káàdì tí èèyàn ń kówó sí láti fi wọ ọkọ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Kó wá ibi tó máa sùn sí ìtòsí ojú irin, kó sì wo yàrá kó tó sanwó. Ẹni tó gbé aláìsàn wá ni kò láyè irú ìyẹn.

Ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì ti ń tọ́jú eegun láti 1945, LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ti wà ní Ìdí-Àràbà láti 1962. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé aláìsàn wọ Èkó. Ìjọba Èkó, ẹ jọ̀wọ́, ní 2009 ni ẹ ṣe òfin pé kí ẹni tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì san 5% lé owó yàrá. Àwa àlejò là ń san án. Ẹ yọ díẹ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi kọ́ ilé àlejò sí ìtòsí ilé ìwòsàn ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá mú káàdì aláìsàn rẹ̀ wá lè sùn níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Kẹ́ ẹ sì pàṣẹ fún àwọn olótẹ́ẹ̀lì kí wọ́n kọ gbogbo owó tí àlejò máa san sójú kan, tó fi dórí owó jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, gbọ̀ngàn tí ẹ ń kọ́ sílé dára, mo ti jókòó nínú tiwa. Ṣùgbọ́n fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ní Mushin tàbí Ṣómólú, tí ọmọ ìlú tó gbé aláìsàn wá lè sùn sí, wúlò fún wa jù ú lọ.

Dókítà ní ká gbé àbúrò mi padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Disẹ́mbà. Àsìkò yẹn ni àwọn ará òkè òkun ń wálé ọdún, tí owó yàrá ń fò sókè. Mo ti pe ilé àlejò Yábàá, wọ́n ní àwọn ti kún títí di oṣù kìn-ín-ní. Bí ẹnìkan nínú àwọn òǹkàwé yín bá mọ ibòmíràn tó mọ́, tí kò ju ₦10,000 lọ, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Èmi nìkan kọ́ ni mo máa kà á.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìkìrun, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun