Iṣẹ́ Ń Bẹ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa lórí Jínóòmù Ẹ̀wà

Sí Olóòtú,

Ní ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ tí Yunifásítì California ní Riverside ṣáájú tẹ jínóòmù ẹ̀wà, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ DNA inú rẹ̀, jáde fún aráyé. IT97K-499-35 ni irú ẹ̀wà tí wọ́n lò, IITA, iléeṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ló sì mú un jáde. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ yunifásítì wa kíyè sí.

Bí a bá ka DNA tán, lẹ́tà A, C, G àti T nìkan ni a óò bá nílẹ̀, lọ bẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń sọ ibi tí jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá DNA tó ní ìtọ́ni fún iṣẹ́ kan nínú ara, ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. 29,773 ni iye tí wọ́n rí nínú ẹ̀wà yìí. Kọ̀ǹpútà a sì máa ṣì í: a máa so jíìnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, a máa gé ẹyọ kan sí méjì, a sì máa fo apá kékeré. Ẹni tó ń wá jíìnì tí yóò jẹ́ kí ẹ̀wà kojú kòkòrò lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ọdún gbáko lépa ohun tí kò sí.

Ojú ènìyàn ló ń tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe. Apollo, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì di mímọ̀ ní 2013, ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ibi gbogbo jọ ṣiṣẹ́ lórí jínóòmù kan náà. Ẹnì kan yóò wo ẹ̀rí RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí ara ń ṣe láti inú jíìnì, tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì náà, yóò fa etí jíìnì náà síbi tó yẹ, ẹlòmíràn ní òkè òkun yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀. Àkọsílẹ̀ wà fún ẹni tó ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, a sì lè dá a padà, nítorí náà ìbẹ̀rù pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò ba iṣẹ́ jẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí àgbà onímọ̀ bá ṣáà ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ ti ṣe irú àtúnṣe yìí lórí jínóòmù kòkòrò tí ń tan àrùn igi ọsàn kálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa jíìnì láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń ka DNA rí. Iṣẹ́ yìí kò béèrè ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì àti sùúrù ló ń fẹ́. Mo rọ àwọn yunifásítì wa kí wọ́n bá IITA sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé Apollo kalẹ̀ fún ẹ̀wà, kí wọ́n sì fi àtúnṣe jíìnì ṣe iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn tó wà ní ọdún ìkẹyìn, kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lára ohun tó bá tún ṣe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì kan,
Ìbàdàn