Àbẹ̀kẹ́, Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀ Lọ Alaska

Houston, Texas
Oṣù Kẹta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹ ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ sí Alaska fún Oṣù Keje, pé Seattle lẹ ti máa gbéra, àti pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Holland America lẹ ń bá lọ, kì í ṣe Royal Caribbean tó gbé yín láti Galveston lọ sí Caribbean lọ́dún méjì léraléra. Lẹ́yìn náà lo wá mí kanlẹ̀, o ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe pé a ti ṣìṣe báyìí?"

Ẹ ò ṣìṣe. Àmọ́ ohun tí mo ní sọ pọ̀ ju ti orí fóònù lọ, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Ẹ̀ẹ̀mejì lèmi àti bàbá rẹ lọ sí Alaska, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé wa. Ohun tí ojú mi rí nígbà kejì, mi ò tíì sọ ọ́ fún ìkankan nínú ẹ̀yin ọmọ.

Holland America yìí náà la kọ́kọ́ bá lọ, láti Vancouver, ó sì dùn mọ́ wa. Nígbà tá a fẹ́ padà lọ, owó ilé-iṣẹ́ mìíràn fi díẹ̀ dínkù, la bá bá wọn lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbẹ́sẹ̀ wọnú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń fi í wé ti àkọ́kọ́. Tíì wọn ò gbóná tó. Bẹ́ẹ̀dì wọn le jù. Ọmọ tó ń tọ́jú yàrá kò mọ orúkọ mi. Lọ́jọ́ kẹta mo yẹ ìwé owó wa wò, mo rí dọ́là 28 tí wọ́n kọ sí wa lọ́rùn fún ọtí, àwa tí a kì í fẹnu kan ọtí! Inú bí mi gidigidi, mo ní àfi kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ̀ wọ Endicott Arm, níbi tí odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Dawes ti ń já sínú òkun. Bàbá rẹ ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, fi owó yẹn sílẹ̀ dalẹ́, jẹ́ ká lọ wo ohun tá a torí ẹ̀ wá." Mo ní kó máa lọ, mò ń bọ̀. Mo lọ tò síwájú káńtà nínú gbọ̀ngàn kan tí kò ní fèrèsé, èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi. Ó ti ku ẹnì kan péré nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí ààrá bá sán lókèèrè, tí kò tètè dákẹ́. Ariwo èèyàn sọ lókè. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà gbójú sókè, ó ní, "Yìnyín ló wó yẹn, mà." Mo sáré gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ìgbì omi ló kù, àtàwọn ègé yìnyín aláwọ̀ aró tí wọ́n ń fì síwá sẹ́yìn. Bàbá rẹ dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lọ́rùn ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní ògiri yìnyín tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá ló ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n dá dọ́là 28 padà fún mi. Bàbá rẹ ti lọ sinmi báyìí, ohun tó rí lọ́jọ́ náà, ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé o ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bíi tèmi. O ti ń bi mí bóyá píìsà máa wà lóru, bóyá ibi ìyọ̀ omi máa wà fáwọn ọmọ, bóyá yàrá yín máa tóbi tó ti Galveston. Òde ni Alaska wà, Àbẹ̀kẹ́. Bó o bá máa fi ilé-iṣẹ́ kan wé òmíràn, ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń gbà ni kó o fi wé ara wọn.

Torí ìyàtọ̀ yóò wà, ẹ máa rí i láti wákàtí àkọ́kọ́. Ìlú ńlá orí omi ni ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti wọ̀ rí. Ọkọ̀ Holland America kéré sí i, ó sì pa lọ́lọ́. Láti ọdún 1873 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Netherlands, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ nínú oníbàárà wọn. Olórin gidi ló máa ń lu dùùrù àti gìtá fún yín lálẹ́, oúnjẹ wọn dùn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tó jẹ́ pé ará Indonesia àti Philippines ló pọ̀ jù, máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Odò ìwẹ̀ kan wà láàárín ọkọ̀ tí wọ́n lè fa òrùlé bò bí òjò bá dé. Akọ́bí rẹ máa ráhùn fún ọjọ́ méjì. Jẹ́ kó ráhùn.

Ipò tẹ́ ẹ ti ní nínú Crown & Anchor, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà Royal Caribbean, kò ní bá yín débẹ̀, torí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ yìí kọ́ ló nìyẹn. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n máa gbà yín, ẹ má bínú sí i. Owó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú yín náà wà lọ́tọ̀ sí owó ọkọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà á lé, tó fi mọ́ orí àwọn ọmọdé. Ẹ kúkú san án ṣáájú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó má di ọ̀rọ̀ ìwé owó bíi tèmi.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ rí gbà dípò ibi ìyọ̀ omi yẹn. Glacier Bay ni, ọgbà ìjọba kan ní Alaska tí odò yìnyín ti ń já sínú òkun. Ìjọba Amẹ́ríkà kò gbà kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ju méjì lọ wọ ibẹ̀ lóòjọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló sì ní ìwé àṣẹ, Holland America wà lára wọn. Yẹ ìwé ìrìnàjò yín wò, kó o rí i pé orúkọ Glacier Bay wà níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ìrìn wọn láti Seattle ló ń dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Hubbard, odò yìnyín mìíràn, ni wọ́n kọ, má sunkún o. Ojú Hubbard fẹ̀ tó máìlì mẹ́fà, ó sì ń tẹ̀ síwájú nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fà sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Glacier Bay, ẹ jí ní kùtù. Àwọn olùṣọ́ ọgbà ìjọba máa gun ọkọ̀ látinú ọkọ̀ kékeré, wọ́n á sì máa ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí jálẹ̀ ọjọ́ náà. Jẹ́ káwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n máa sọ fún yín pé ní nǹkan bí ọdún 1750, yìnyín ló bo gbogbo ibi tí ọkọ̀ yín ń gbà kọjá yẹn pátápátá. Láti ìgbà náà ó ti fà sẹ́yìn tó máìlì 65. Àwọn Huna Tlingit ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí yìnyín tó ya bò wọ́n tó lé wọn kúrò ní ilé baba wọn. Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n ṣí ilé àjọni kan sí Bartlett Cove nínú ọgbà náà, igi gbígbẹ́ tó gbé ìtàn ìdílé wọn wà lára ẹ̀. Èmi tí mo ti fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ ilé yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn Tlingit yìí ló ń pe ìró yìnyín tó ń wó ní ààrá funfun. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo ní òótọ́ ni, ààrá gan-an ni mo pè é níbi tí mo tò sí.

Wọ́n máa ń ṣí iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ fún èrò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sì máa pín ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé kan káàkiri nínú ife, àṣà àwọn ará Netherlands ni. Ó ki, ó gbóná, ó fẹ́ jọ gbẹ̀gìrì tí wọ́n gbàgbé láti fi ata sí. Mú ata gígún lọ́wọ́, inú ìgò kékeré tí wọn ò tíì ṣí. Bàbá rẹ bu tirẹ̀ sí i, òyìnbó kan sì tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ dúró síta títí ọkọ̀ á fi yí padà. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró síwájú odò yìnyín Margerie, ọ̀gá ọkọ̀ máa ń rọra yí i kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè rí i, nítorí náà ẹ má jà du àyè.

Ọ̀rọ̀ òkun wá. Ọkọ̀ tó bá ṣí láti Vancouver, àárín àwọn erékùṣù ló ń gbà, omi ibẹ̀ máa ń dákẹ́. Èyí tó bá ṣí láti Seattle, ẹ̀yìn Vancouver Island ló sábà máa ń gbà, lójú agbami gan-an. Òòyì lè kọ́ yín lọ́jọ́ kejì. Mo ti di atalẹ̀ gbígbẹ sínú ẹrù tí mò ń fi ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ lo oògùn òòyì kí òkun tó ru, nítorí bí inú bá ti ń ru, oògùn ò ní dúró.

Ìwé ìrìnnà ni mo fẹ́ kó o gbọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ. Òfin Amẹ́ríkà kan ti wà láti ọdún 1886 tó ní ọkọ̀ tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ gbé èrò yípo èbúté Amẹ́ríkà láìyà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yà sí Victoria ní Kánádà, wákàtí mélòó kan péré lálẹ́. Ìwọ àtàwọn ọmọ, ẹ ní páásípọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà, ó ti tán. Ọkọ rẹ ń lo gíríìnkáàdì. Láti Oṣù Kẹrin ọdún 2022, Kánádà ń béèrè páásípọ́ọ̀tì orílẹ̀-èdè ẹni mọ́ káàdì náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí páásípọ́ọ̀tì náà kò sì gbọdọ̀ tíì kọjá. Ní kó yẹ páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe lóṣù Kẹfà, o mọ bí títún un ṣe ń pẹ́ tó.

Ìyá ọkọ rẹ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tirẹ̀ lágbára jù. Ó gbọ́dọ̀ ní físà Kánádà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá ló máa sùn sí ní Victoria tí kò ní sọ̀ kalẹ̀. Físà Amẹ́ríkà ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí bí ọkọ̀ bá ti dé Kánádà, ó ti jáde ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan rí tí wọ́n dá padà létí èbúté, báàgì ẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ dúró, wọn ò mọ ẹni tó máa bá a padà sílé. Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ nínú ilé ọkọ rẹ.

Ní ti àwọn ìlú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ketchikan, òjò ni, ẹ̀wù òjò ni kẹ́ ẹ wọ̀, afẹ́fẹ́ máa ń yí agboòrùn po. Sitka ni Rọ́ṣíà ti fa Alaska lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní ọdún 1867, mílíọ̀nù 7.2 dọ́là ni wọ́n tà á. Juneau ni olú-ìlú, kò sì sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ̀ ọ́ láti ìlú mìíràn, àfi ọkọ̀ omi tàbí bàálù.

Juneau ni kẹ́ ẹ náwó sí. Ẹ gba ọkọ̀ kékeré lọ wo àbùùbùtán, Hawaii lọ̀pọ̀ wọn ti ń wá jẹun níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tá a lọ lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó yọ sí wa sún mọ́ wa débi pé èémí ẹ̀ fẹ́ kàn wá, ó ń rùn bí ẹja tó ti ṣá. Mi ò lè gbàgbé òórùn yẹn. Bẹ́ ẹ bá gba ìrìn yìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, tí ẹ pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè yín. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn lẹ bá ṣètò, owó rẹ̀ lè dínkù, àmọ́ ọkọ̀ ò ní dúró, nítorí náà ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ ó kéré tán.

Aṣọ: súwẹ́tà, fìlà, ìbọ̀wọ́, kódà nínú Oṣù Keje. Kí ìyá ọkọ rẹ kó ìró méjì mọ́ ọn, ó máa fẹ́ ẹ lórí bákónì, torí ilẹ̀ kì í tètè ṣú níbẹ̀, ó máa ń sún mọ́ agogo mẹ́wàá alẹ́.

Ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ máa dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Atalẹ̀ wà níbẹ̀, fìlà mẹ́rin wà níbẹ̀, awò bàbá rẹ náà wà níbẹ̀, mo fi aṣọ òfì kékeré wé e. Okùn ẹ̀ já lápá òsì, òun fúnra ẹ̀ ló so ó ní kókó. Má tú u. Gbé e kọ́ akọ́bí rẹ lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ Glacier Bay, kẹ́ ẹ sì pè mí tẹ́ ẹ bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ketchikan, kó sọ ohun tó rí fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ