Àlàní, Má Ra Ìwé: Lẹ́tà Bàbá sí Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àlàní, ọmọ mi,

Àlàáfíà ni a wà nílé, mo sì bẹ Ọlọ́run kí tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé orúnkún òun ti ń san, pé a ti wa ànàmọ́ ẹ̀yìnkùlé tán, àti pé èsì ìdánwò JAMB àbúrò rẹ ti jáde, ó sì dára. Gbogbo èyí ni ó yẹ kí o ti gbọ́ lórí fóònù bí o bá ń gbé fóònù rẹ nígbà tí a bá pè. Nítorí pé o kò gbé e ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà, tí mo sì fi rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe fún ẹnikẹ́ni bá ọ gbà.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí ẹ jọ wọ ifásitì ní ọdún 2018 wá kí wa. Ó wọ ṣòkòtò kakí àgùnbánirọ̀, gbogbo ilé sì ń yọ̀ mọ́ ọn. Ìyá rẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n gbé ìwọ lọ sìn, nítorí ohun tí o sọ fún wa ni pé ẹ ó jọ lọ ni. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní kí Màmá bi ọ́ fúnra wọn. Ìgbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni mo tó gbọ́ pé orúkọ rẹ kò sí nínú èyí tí sẹ́nétì ifásitì fi ránṣẹ́ sí àjọ àgùnbánirọ̀, nítorí kọ́ọ̀sì kan tí o kò yege. N kò bínú nítorí kọ́ọ̀sì náà. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà lẹ́nu ẹlòmíràn, pé o ti ń bá ọkùnrin kan rìn tí ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n sì ń padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí dìgírì kí oṣù méjì tó pé.

Àlàní, má ra ìwé. Owó 400,000 náírà tí o ní kí n fi ránṣẹ́ kí o lè fi parí ètò ìgbàwé-ẹ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí n ó fi mọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Èmi tí mo ti ń san owó ilé ìwé rẹ láti ọjọ́ tí o wọlé, ṣé o rò pé n kò mọ iye tí ilé ìwé ń gbà ni? Owó ìfẹ̀yìntì mi àti èrè ọjà ìyá rẹ ni ó wà nínú owó yẹn. Bí o bá sọ pé oúnjẹ ni o fẹ́ fi jẹ, n ó fi ránṣẹ́ lónìí. Bí o bá sọ pé ara rẹ kò yá, n ó gbé e wá fúnra mi.

Mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ mi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian sọ bí akọ̀ròyìn rẹ̀ kan ṣe dọ́gbọ́n gba dìgírì láti ifásitì kan ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó sì fi ìwé náà wọ ètò àgùnbánirọ̀ láìsí ẹni tí ó dá a dúró. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi òótọ́ inú kàwé fún ọdún púpọ̀ lọ́hùn-ún bá àwọn tí wọ́n ra tiwọn jìyà pọ̀. Ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn fẹ́ mú ọ gbà nìyẹn, ọ̀nà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń ṣọ́.

Bóyá ìwọ kò tilẹ̀ mọ ìdí tí àwa àgbà fi ń pe ayédèrú ìwé ẹ̀rí ní Tòróńtò, nítorí wọn kò tíì bí ọ nígbà náà. Ní ọdún 1999, ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin sọ pé òun kàwé jáde ní Ifásitì Toronto ní Kánádà. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ifásitì náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Kí oṣù keje ọdún yẹn tó parí, ó ti fi ipò sílẹ̀. Bí wọ́n bá lè tú àṣírí ẹni tí ó wà lórí àga bẹ́ẹ̀, kí ni wọn kò ní í ṣe fún ọmọ tíṣà? Èmi náà rí i lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ kan wà tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún, tí ó mọ ọmọ kọ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí dé, wọ́n kọ̀wé sí ilé ìwé tí ó ní òun ti jáde, èsì tí ó padà wá ni pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìfẹ̀yìntì ni ó ń múra sí nígbà náà. Ó lọ láìgba kọ́bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ilé ìwé. Àlàní, má ra ìwé.

Mo mọ ohun tí ó ń lé ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Èkó, ọ̀kan ti lọ kàwé sí i ní Kánádà, ọmọbìnrin tí ẹ jọ máa ń sùn sí yàrá ìkàwé nígbà ìdánwò ti ṣe ìgbéyàwó, gbogbo wọn sì ń gbé àwòrán ayọ̀ wọn sórí Facebook. Èmi náà kì í gbé fóònù kí n má kà wọ́n fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé ní òwúrọ̀. Mo rò pé ìwúrí ni mo ń fún ọ ni. Ìyá rẹ sọ fún mi nígbà kan pé kí n fi ọmọ náà sílẹ̀, mo sì dá a lóhùn pé ọkùnrin ni, kí ó le.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà ka ọdún rẹ dáadáa kí o tó dá ara rẹ lẹ́bi. Àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ifásitì bá a níbẹ̀, ó sì di oṣù kejìlá kí wọ́n tó fọwọ́ wọ́nú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 wọ́n tún dáṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n padà. Ìwọ kọ́ ni o jẹ àwọn oṣù wọ̀nyẹn. Òfin ètò àgùnbánirọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, sọ pé kí ẹni tí kò bá tíì kọjá ọmọ 30 ọdún lọ́jọ́ tí ó jáde ifásitì lọ sìn, ọmọ ọdún 25 sì ni ọ́. Owó tí wọ́n ń san fún wọn tilẹ̀ ti kúrò ní 33,000 náírà, ó ti di 77,000. Kí ni ó ń sá lọ tí o fi ń lé e dé Kùtọnu?

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ mi rí, alẹ́ àná sì ni ìyá rẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi láìmọye ìgbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jókòó ìdánwò Gíréèdì Túù, ìdánwò ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mo sì yege pátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. N kò yege ìṣirò. Wọ́n ní kí n padà wá ṣe é, owó oṣù ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n sì ń san fún mi nígbà tí àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra alùpùpù. Akọ̀wé kan ní Ìlọrin ní òun lè bá mi yí èsì náà padà. Mo gbà fún un, a sì dá ọjọ́. Mo lọ bá ìyá mi, mo pa irọ́ fún un pé owó ìwé kíkà ni. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀ níwájú mi, ohun tí ó wà níbẹ̀ kò tó ìdajì. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kò ní. Ọjọ́ tí a dá kọjá, akọ̀wé náà kò sì dúró dè mí. Kí o mọ̀ dájú, Àlàní, pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run kọ́ ni kò jẹ́ kí n ra ìwé. Owó ni kò tó. Mo padà jókòó ìdánwò náà, mo yege, mo sì gbé ìtàn mìíràn kalẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ mi kí ẹ lè máa fi mí ṣe àwòkọ́ṣe.

Nígbà tí o wá rí i pé o kò yege kọ́ọ̀sì kan, ta ni o fẹ́ sọ fún? Ṣé bàbá tí kò kùnà rí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Síbẹ̀, kò yẹ kí o parọ́ fún ìyá rẹ. Mo lè fara da tèmi, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ti ra àǹkárá tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí o bá parí ìsìn, ó ti dá a, ó sì fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Kò sunkún níwájú mi. Ó kàn ń béèrè bóyá o ń jẹun.

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni ọ́, ìjàkadì sì ni orò Ọ̀fà. Ẹni tí wọ́n bá dá nínú ìjàkadì a dìde, a gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, a sì tún wọ agbo, kì í lọ ra ẹni tí yóò bá a purọ́ pé òun kò ṣubú. Lọ bá olùkọ́ tí ó ń mójú tó ìforúkọsílẹ̀ yín, kí o béèrè sáà tí wọn yóò tún kọ́ kọ́ọ̀sì náà, kí o sì fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ má bàa kọjá. Owó rẹ̀ ni n ó san fún ilé ìwé tààrà. Bí ó bá gbà ọ́ ní ọdún kan sí i, kí ó gbà á. Yàrá rẹ nílé ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, bí o bá sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìwé nígbà tí o bá ń dúró, àwọn òbí wọn ti ń béèrè ẹ lọ́wọ́ mi.

Mo ti sọ fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa pé o ti di àgùnbánirọ̀, wọ́n sì ti ṣe àdúrà. Èmi ni n ó padà lọ sọ fún wọn pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ. Má ṣe torí ojú wọn ṣe ohunkóhun.

Bí o bá ti yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ọkùnrin Kùtọnu yẹn, tàbí lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń dójú ti ènìyàn nítorí gbèsè, sọ iye rẹ̀ fún mi, n kò ní í pariwo. Bí o bá sì ti fún un, má ṣe dá lọ bá a láti gbà á padà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yóò bá ọ lọ. Bí o kò bá tíì fún un, má ra ìwé, ọmọ mi. Mo tún bẹ̀ ọ́.

Ẹni tí ó mú lẹ́tà yìí wá yóò dúró tì ọ́ títí o fi kà á tán, owó ọkọ̀ rẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bá a wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Kí o tó kúrò ní Ìlọrin, pe ìyá rẹ, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì náà fún un. N ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.