Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, tó ní ká padà lórí òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Bàbá Kékeré mi,

Mo rí ọ̀pá yín lánàá. Yàrá ẹ̀yìn ni mò ń gbá de àwọn ọmọ ilé tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bí mo ṣe fa ilẹ̀kùn báyìí, nǹkan kan ṣubú lù mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá yín ni. Kòkòrò ò tíì jẹ igi rẹ̀. Rọ́bà táyà tí ẹ fi bọ ìdí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣó mẹ́ta, orí ìṣó kọ̀ọ̀kan sì rì wọnú rọ́bà bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ, torí ìṣó tó bá yọrí síta, ńṣe ló máa ń yọ̀ lórí àpáta. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Apá kan rọ́bà náà ti jẹ mọ́ igi. Apá kejì ṣì nípọn bí ọjọ́ tí ẹ gé e.

Mi ò mọ̀ pé ẹ ti ń fara tì í tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjìlá ló ń bọ̀. Ọ̀la, ọjọ́ Ẹtì, ni wọ́n á dé, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á padà. Wọ́n ní kí n ṣe é fún àwọn gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, mo sì gbìyànjú. Mo gba ìdajì owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ẹni tí kò tíì san nǹkan kan ló máa ń yẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀la, àwọn tó kù á sì wá máa ru ẹrù rẹ̀. Mo yẹra fún òpin ọ̀sẹ̀ tó sún mọ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Lásìkò yẹn, ará ìjọ Àgùdà tó ń lọ sí Arígbó, ihò àpáta tí wọ́n ti ń bọlá fún Màríà, máa ń kún Ìdáàṣà dé ojú títì, ẹni tí kò bá ti gba yàrá sílẹ̀ ò ní rí ibi sùn. Mo sọ fún awakọ̀ pé tó bá dé oríta Ìdáàṣà, ọwọ́ ọ̀tún ni kó yà, kó gba Glazoué. Ọwọ́ òsì á gbé e lọ sí Savalou, bí gbogbo èrò bá sì ti sùn lọ nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè fura.

Iṣu ti wà nílẹ̀. Lábókò tuntun mẹ́rin ni mo rà fún alẹ́ ọ̀la, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kìlógíráàmù méjì, ó á tó wọn. Mo ti bá àwọn tó máa gún un sọ̀rọ̀ nípa omi. Iṣu tuntun lómi nínú. Ẹni tó bá sè é bí èyí tó ti pẹ́ nínú abà, iyán rẹ̀ á rọ̀ jù, kò ní ṣeé bù. Omi díẹ̀ ni kí wọ́n fi sè é. Tó bá jinná, kí wọ́n da omi náà nù pátápátá, kí wọ́n ṣí ìkòkò sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ooru jáde, kí wọ́n má sì bu omi sínú odó títí kókó á fi tán. Wọ́n fẹ́ ra iṣu kókóró torí owó rẹ̀ ò pọ̀, mo ní rárá, èlùbọ́ ni wọ́n ń fi kókóró ṣe. Wàgàsì, wàrà líle, náà wà, èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ewé ọkà bàbà sè títí ó fi pọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé dídín ló dáa jù, torí pé kì í yọ́ nínú epo gbígbóná.

Omi òkè ni mo ṣírò lẹ́ẹ̀mejì. Lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gígùn àti ní sísọ̀, lítà kan sí i nílé, àwa mẹ́tàlá, lítà 39. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì ni mo pọn, mo sè é, mo sì jẹ́ kó tutù.

Gbogbo èyí yé mi, Bàbá Kékeré. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ ní ká padà yẹn ni kò yé mi.

Àwa mẹ́sàn-án lẹ kó lẹ́yìn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù. A ti dé ibi tí àpáta ńlá méjì ti fara ti ara wọn, orí òkè ò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́. Ẹ dúró. Ẹ gbé ọ̀pá sókè, ẹ ní, “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀.” Ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè, torí a kì í bi yín léèrè. Nígbà tí a délé, ẹ jẹun, ẹ sùn. Títí ẹ fi lọ, ẹ ò dárúkọ ọjọ́ náà mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà gbogbo. Mo ní bóyá òjò ni. Ìjì òde ibí, láti ìlà-oòrùn ló ń wá, láti ìhà odò Ọ̀pàrà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí ojú wa má kúrò níbẹ̀. Bí mànàmáná bá kọ, kí a máa kà. Tí àrá bá sán kí a tó ka 30, ìjì náà ò jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, orí àpáta gbalasa kì í sì í ṣe ibi tó yẹ kó bá èèyàn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ rekete lọ́jọ́ yẹn, ìhà Ọ̀pàrà ò ní ìkùukùu kankan.

Mo ní bóyá oyin ni. Oyin máa ń wọ inú ihò àpáta, lọ́fínńdà sì máa ń bí i nínú. Tí ọ̀kan tàbí méjì bá wá kọ lu orí yín tí wọ́n sì padà, àwọn tó ń ṣọ́ ilé nìyẹn. Kí èèyàn rọra fà sẹ́yìn láì ju apá. Ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ìró oyin kankan.

Mo ní bóyá ojú àpáta ni, ibi tó dúdú tó gùn wálẹ̀ níbi tí omi òjò máa ń gbà. Bó bá gbẹ, ó máa ń di ẹsẹ̀ mú. Bí òjò bá kàn án, á yọ̀ bí ilá. A kì í tẹ ibẹ̀ nígbà tó bá tutù, a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó funfun, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á jókòó, á máa fi ìdí sún. Ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà.

Mo tiẹ̀ ní bóyá àwọn àgbà ló ránṣẹ́ sí yín. Òkè tó fi àwọn baba wa pa mọ́ lásìkò ogun Dàhọ̀mì kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn ń gùn láì tọrọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ ti lọ rí wọn ní ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, èmi ni mo gbé ọtí sódábì náà tẹ̀ lé yín. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa.

Ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín, àti rọ́bà tó jẹ ní apá kan yìí.

Bó bá jẹ́ pé àyà yín ni, kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo àlejò kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan pé kí ẹni tó bá rẹ̀ pariwo. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tí kò lè yára wà ní ipò kejì, lẹ́yìn aṣáájú gan-an, torí tó bá wà lẹ́yìn pátápátá, á máa sáré bá àwọn tó ti sinmi tán, wọ́n á tún dìde bó bá ṣe ń dé, òun ò sì ní sinmi rárá. Ẹ máa ń ka orí wa níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ta ló ka tiyín? Ó dùn mí, Bàbá Kékeré. Ẹ kọ́ wa ní gbogbo ẹ̀, ẹ wá fi ọ̀kan tó ń pa yín pa mọ́ fún wa. À bá ti gbé yín lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ yẹ ọ̀nà wò. Níbi àpáta méjì yẹn ni èémí mi já. Mo jókòó, mo ń gbọ́ àyà mi létí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ní àràárọ̀ ni kí n máa lo oògùn, kí n má pa á jẹ. Mo ti pa á jẹ lóṣù yìí, torí owó oògùn wà lára ohun tí mo fi tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe kí òjò má baà rọ̀ lé àwọn àlejò lórí. Wọn ò mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, aago 6 àbọ̀ la máa jáde, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Kí aago 10 tó lù, ó yẹ kí a ti sọ̀ kalẹ̀ tán, kí oòrùn má bá wa lórí òkúta. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bi mí lórí fóònù pé ibo la máa dé. Mo ní kí wọ́n dé Ṣábẹ̀ẹ́ ná.

Mo ti yọ rọ́bà àtijọ́ yẹn kúrò lídìí ọ̀pá. Mo gé tuntun láti ara táyà ọ̀kadà zẹ̀mí, mo kan ìṣó méjì. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo wá ń wò ó pé ẹsẹ̀ ta ni mò ń kan ọ̀pá yìí fún.

Ọmọ yín ni.