Lẹ́tà sí Àkànní: Ẹ̀kọ́ Dátábéèsì àti Ìwé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Wa

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ọ̀rẹ́ mi Àkànní,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Manchester, àti pé òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ da yín láàmú. Ara àwa náà le níbí, a dúpẹ́. O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé kí ni mo tún ń wá ní yunifásítì ní ọjọ́ orí wa yìí, àti pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa dátábéèsì, ìyẹn bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ni mo yàn láàyò. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà, ó kan ìwọ àti Màmá rẹ.

Ṣé o rántí òru tí o pè mí pẹ̀lú ìbínú, pé wọ́n ti pín èrè ọdún nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá wa láìfi tó Màmá létí? Ìyá mi tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé búra pé àwọn pe Màmá títí, wọn kò gbé e. Òótọ́ ni ìwọ àti ìyá mi sọ. Mo lọ yẹ ìwé wọn wò: ìwé mẹ́ta ni, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún owó ìfipamọ́, ọ̀kan fún ẹ̀yáwó, wọ́n sì tún nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníkálukú kọ sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìwé ìfipamọ́, wọ́n ti fi bírò pupa fa igi sórí nọ́ńbà Màmá àtijọ́, wọ́n sì há tuntun mọ́ etí ìwé. Nínú méjì tó kù, nọ́ńbà àtijọ́ ló wà níbẹ̀ gbalaja. Ìwé ẹ̀yáwó ni ìyá mi mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí a bẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ wa dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní normalization, ìwé ẹgbẹ́ yẹn sì ni mo ń rí lójú pátákó. Ẹ̀kọ́ náà ni pé a kò gbọ́dọ̀ kọ òótọ́ kan sí ojúkò méjì. Bí a bá kọ ọ́ sí méjì, ọjọ́ tí ó bá yí padà, ẹnìkan yóò tún ọ̀kan ṣe, yóò sì gbàgbé èkejì. Láti ọjọ́ náà lọ ni ìwé yóò ti máa ta ko ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè sọ èwo ni ká gbà gbọ́. Nítorí náà, àtẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni yóò ní nọ́ńbà fóònù nínú. Àtẹ ìfipamọ́ àti àtẹ ẹ̀yáwó yóò mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníkálukú dání, òun ni yóò sì máa tọ́ka sí ibi tí ìyókù wà.

Edgar Codd ni ó la ọ̀nà yìí. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o wà yẹn ni, wọ́n bí i ní Portland ní Dorset ní 1923, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ IBM ní San Jose, ní California, ni ó wà nígbà tí ó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde ní 1970. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí yóò gbà dé ibẹ̀, bí àlejò tí ń wá agboolé kan ní Òkè-Àrèmọ. Codd fi ìmọ̀ ìṣirò hàn pé a lè to dátà sí àtẹ, kí oníbèéèrè sọ ohun tí ó ń fẹ́, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce gbé èdè tí a fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, tí a ń pè ní SQL lónìí, jáde. Èdè náà kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kà sí ohun ńlá.

Ohun tó fún mi níṣẹ́ jù ni àmì ohùn. Mo tẹ orúkọ àwọn ìyá wa sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí a kọ Àbẹ̀kẹ́ bí orúkọ tí kò ní ìtumọ̀. Àbúrò mi bá mi tẹ ìdajì. Nígbà tí mo wá Àbẹ̀kẹ́, kọ̀ǹpútà ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà níwájú mi! Lẹ́tà “ẹ̀” kò ní ojúkò kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà: a lè mú “ẹ”, kí a fi àmì ohùn lé e lórí, a sì lè mú “è”, kí a fi àmì sí i lábẹ́. Ojú wa rí wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni lójú ẹ̀rọ. PostgreSQL, ètò dátábéèsì tí a ń lò, ní àṣẹ kan, normalize (ó yàtọ̀ sí normalization tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan), tí wọ́n fi kún un ní 2020, tí ó ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó ń dùn mí pé àwọn ènìyàn ń bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ wa nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ.

Ọjọ́ kan wà tí n kò ní gbàgbé. Olùkọ́ wa fẹ́ gbé 5,000 náírà láti ìlà kan sí èkejì. Wọ́n tẹ BEGIN, àṣẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n yọ owó náà kúrò lára ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí a ka iye tó kù. Kí wọ́n tó fi kún ìlà kejì, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fa wáyà iná yọ. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà padà, owó wà lójú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kọ́bọ̀ kò dín. Ẹ̀rọ náà a máa kọ ohun tí ó ń ṣe sínú àkọsílẹ̀ kan kí ó tó fọwọ́ kan dátà gan-an. Bí ó bá jí, òun ni yóò kọ́kọ́ kà, iṣẹ́ tí kò bá sì rí COMMIT rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí ó ń fi òǹtẹ̀ lù ú pé iṣẹ́ ti parí, yóò kà á sí èyí tí kò wáyé rí. Ìwọ náà mọ bí iná ṣe ń lọ ní ìlú yìí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkàn mi balẹ̀ pé mo lè gbé owó àwọn ìyá wa kúrò nínú ìwé.

Ìdánwò wa di oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú yìí ni n óò gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹgbẹ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Màmá ni 17. Jọ̀wọ́, bá mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a kọ orúkọ wọn, kí o sì fi nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ń lò báyìí ránṣẹ́ sí mi kí ìpàdé tó pé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní.